Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì òkè òkun

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ kọ́kọ́ máa ń bi mí nígbà tí mo bá wà nílé ní Kábà ni iye tí yunifásítì òkè òkun ń san lóṣù fún ẹni tó ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá rántí ọdún 2022, tí ìdásẹ́sílẹ̀ ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì tí kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì ìjọba ń yá owó jẹun, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ owó oṣù fi ń gba gbogbo ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo lo ọdún mẹ́rin ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìpalẹ̀mọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì ìjọba kan, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ ni pé wákàtí iṣẹ́, iye oṣù tí wọ́n ń sanwó fún láàárín ọdún, àti orúkọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá yín gan-an ló ń sọ bí ayé yín yóò ti rí, ju iye tí wọ́n kọ sí iwájú owó oṣù lọ. Bí a ṣe ń ka irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kí ẹ tó ka ìwé kankan rárá, ẹ wádìí bóyá òfin orílẹ̀-èdè náà gbà kí ọmọ Nàìjíríà ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ẹnu ẹni náà. Ní Kòríà Gúúsù, físà E-2 tí wọ́n ń fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè méje: Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Áyálándì, Ọsirélíà, Níú Sílándì àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe ìdánwò gbogbo láti ilé ìwé girama títí dé yunifásítì. Físà E-1, èyí tó wà fún àwọn olùkọ́ yunifásítì, kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yunifásítì fúnra rẹ̀ ni yóò gbà yín sí ipò náà, ẹni tí kò bá sì ní oyè kejì ó kéré tán kò lè retí rẹ̀. Ní Ṣáínà, òfin ń béèrè pé kí olùkọ́ èdè wá láti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ èdè náà gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí, àwọn aláṣẹ kì í sì í sábà ka tiwa mọ́ ọn; ẹni tó bá gba oyè rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà lè rí àyè ní àwọn ibì kan. Nítorí náà, bí alágbàtà kan bá sọ fún yín pé kí ẹ fi físà ìṣòwò tàbí ti ìbẹ̀wò wọ Ṣáínà, pé wọn yóò yí i padà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Físà Z ni físà iṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá fi í wọlé sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìgbélùú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Lábẹ́ òfin tó ti wà láti ọdún 2013, àjèjì tó bá ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ lè san owó ìtanràn láti 5,000 yúáànì títí dé 20,000, kí wọ́n sì tì í mọ́lé bí ọ̀rọ̀ náà bá le.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé Yorùbá lè ṣílẹ̀kùn yunifásítì Amẹ́ríkà fún wa níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ètò Fulbright FLTA, ti ìjọba Amẹ́ríkà, ń kó àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti Nàìjíríà lọ fún oṣù mẹ́sàn-án láti kọ́ni ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Owé, Yàgbà tàbí Ìjùmú nílé, ṣùgbọ́n tí ẹ ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò dáadáa, ẹ má rò pé ti àwọn ará Ìbàdàn nìkan ni.

Bí ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù bá ti yanjú, ẹ wo orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ìsàlẹ̀. Àdéhùn tèmi gbé àmì yunifásítì sórí, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó òṣìṣẹ́ wá fún yunifásítì ló fọwọ́ sí i. N kò kà á sí. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí ni mo tó mọ ìyàtọ̀, nítorí pé àwọn olùkọ́ tí yunifásítì gbà fúnra rẹ̀ lọ fún ìsinmi ọgọ́ta ọjọ́ pẹ̀lú owó oṣù àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tí àwa tí ilé-iṣẹ́ náà kó wá ní ọjọ́ mọ́kànlélógún péré, a sì ń jókòó ní ọ́fíìsì láìsí akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú oòrùn oṣù Keje. Ní ọdún kejì, àdéhùn tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ náà àti yunifásítì parí, a sì dúró fún oṣù méjì láìgba owó, nítorí pé ìlà kan wà ní ojú ewé kẹsàn-án tó sọ pé iṣẹ́ wa yóò wà níwọ̀n ìgbà tí tiwọn bá wà. Mo ti fọwọ́ sí ojú ewé yẹn fúnra mi. Orí ló bá wa ṣe é tí yunifásítì gba díẹ̀ nínú wa sọ́dọ̀ ní ọdún kẹta.

Irú ètò yìí wọ́pọ̀ ní Sáúdí Arábíà, níbi tí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ìgbélùú yín, tí wọ́n ń pè ní ikáámà, ti jẹ́ ẹni tó ní agbára lórí yín. Láti oṣù Kẹta ọdún 2021, òfin wọn ti jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn láìgba àṣẹ lẹ́yìn tó bá ti lo ọdún kan, bí ó bá pa àwọn ìlànà tó wà níbẹ̀ mọ́. Kò sí ọ̀gá tó ní ẹ̀tọ́ láti gba pásípọ́ọ̀tù yín mú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó o wá fún ìforúkọsílẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín.

Wákàtí iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí jù lọ. Ìwé àdéhùn lè sọ pé wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ yín, ọkàn yóò sì balẹ̀, nítorí pé olùkọ́ girama ní Ìsánlú tàbí Mọ̀pà mọ ohun tí wákàtí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣe fún ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ béèrè bóyá wákàtí inú kíláàsì nìkan ni wọ́n ń sọ tàbí gbogbo àkókò tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wà nínú ọgbà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, a sì tún ń tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí mẹ́rin péré ni a fi kọ́ni lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè bí wákàtí kan ti gùn tó pẹ̀lú. Ní Japan, kíláàsì kan, tí wọ́n ń pè ní kómà, sábà máa ń jẹ́ 90 ìṣẹ́jú, nítorí náà kómà mẹ́jọ jẹ́ wákàtí méjìlá gbáko. Níbòmíràn, 45 tàbí 50 ìṣẹ́jú ni wọ́n ń pè ní wákàtí. Àwọn olùkọ́ ìgbà díẹ̀ ní Japan, tí wọ́n ń sanwó fún ní kómà kọ̀ọ̀kan, a máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti yunifásítì kan sí èkejì kí owó wọn tó pé. Ní yunifásítì ìjọba ní Ṣáínà, wákàtí 14 sí 16 lọ́sẹ̀ wọ́pọ̀, wọ́n sì sábà máa ń fún olùkọ́ ní ilé nínú ọgbà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń san kéré sí ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ èdè aládàáni.

Iṣẹ́ tó ń pa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n fún yín ní kíláàsì márùn-ún, pé akẹ́kọ̀ọ́ 30 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé ìlànà ẹ̀kọ́ sì ní kí wọ́n kọ àròkọ kan lọ́sẹ̀. Ìwé 150 nìyẹn. Bí ẹ bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 25 ti lọ kí ẹ tó palẹ̀ ẹ̀kọ́ kan mọ́, iṣẹ́ wákàtí 20 sì ti di 45. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí kíláàsì kan kò gbọdọ̀ kọjá sínú àdéhùn, kí wọ́n sì kọ iye tí wọn yóò san fún àṣekún àti wákàtí tí àṣekún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè nípa ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi náà, bóyá dandan ni tàbí ẹni tó bá wù ú, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi oṣù mẹ́rin lè di oṣù kan tí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé bá wọ inú rẹ̀.

Owó wá kàn wàyí. Ẹ ṣírò iye tí wọn yóò san láàárín ọdún kan, kí ẹ sì fi méjìlá pín in. Bí yunifásítì kan bá fẹ́ san 2,000 dọ́là fún oṣù mẹ́wàá, 20,000 ni. Bí èkejì bá fẹ́ san 1,700 fún oṣù méjìlá, 20,400 ni, ó sì sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ fi owó ilé, tíkẹ́ẹ̀tì, ìtọ́jú ìlera àti owó ilé ìwé àwọn ọmọ kún ìṣirò náà, nítorí pé tọkọtaya tó ní ọmọ méjì lè kó gbogbo owó oṣù lé ilé ìwé lórí níbi tí ilé ìwé ìjọba kò ti gba ọmọ àjèjì. Ẹ wo irú owó tí wọn yóò fi san án. Ẹni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí náírà láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò nílò àlàyé gígùn. Líírà àwọn ará Tọ́kì náà ti ń jábọ́ fún ọdún púpọ̀, ẹni tó bá sì ń gba owó oṣù ní líírà mọ̀ ọ́n lára.

Owó ìparí iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ kì í rántí béèrè. Ní Sáúdí Arábíà, òfin fún òṣìṣẹ́ ní ààbọ̀ owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, àti owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹni tí àdéhùn rẹ̀ parí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin yóò gba owó oṣù méjì. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta owó yẹn ni yóò rí, ẹni tí kò bá sì pé ọdún méjì kí ó tó kọ̀wé kò ní rí nǹkan kan. Ní Dùbáì àti àwọn ẹmiréètì yòókù, owó ọjọ́ 21 fún ọdún kọ̀ọ̀kan nínú ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ ni, orí ojúlówó owó oṣù nìkan ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀, láìfi owó ilé àti owó ọkọ̀ kún un. Ẹ kíyè sí ọ̀gá tó bá kọ ojúlówó owó oṣù ní kékeré tó wá kó àjẹmọ́nú jọ sórí rẹ̀. Ní Kòríà, owó oṣù kan fún ọdún kan ni, ṣùgbọ́n ọdún kan gbọ́dọ̀ pé. Àdéhùn oṣù mọ́kànlá kì í ṣèèṣì. Ní Ṣáínà, bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn nínú orílẹ̀-èdè náà, ẹ ó nílò ìwé ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá àtijọ́, nítorí náà ẹ wo ohun tí àdéhùn sọ nípa owó ìtanràn fún ẹni tó bá kúrò kí àkókò tó pé.

Nílé níbí, ẹ má tètè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ bá ń fúnni ní ìyọ̀ǹda ọlọ́dún kan láìsí owó oṣù, ẹ béèrè fún un. Ìwé ẹ̀rí oyè yín yóò gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kọjá, kí ó tó dé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kí ó tó wá kan ẹ́ḿbásì, Àbújá sì ni gbogbo rẹ̀ wà, èyí tó sún mọ́ wa ju bí ó ti sún mọ́ àwọn ará Èkó lọ. Bí wọ́n bá béèrè IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì péré ni èsì rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é ṣáájú àkókò. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Kogí. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, nítorí náà ìwé ọjọ́ ìbí ẹni tí wọ́n bí ní Kábà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ yóò máa jẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ń jẹ́ Kogí. Lójú akọ̀wé tó jókòó sí Seoul tàbí Riyadh, ènìyàn méjì ni. Ẹ lọ búra ní kóòtù kí wọ́n kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ yín ní sípẹ́lì kan náà lórí gbogbo ìwé. Ẹ parí ìrìn Àbújá yín kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé, nítorí pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omi gba ojú títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá, àwọn ọkọ̀ sì tò síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ́ḿbásì kò sì ní fi ọjọ́ kún àkókò tí wọ́n fún yín nítorí omi Ọya.