Bí A Ṣe Lè Dín Epo Ìrìnnà Kù: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé ní Òṣogbo àti Agbègbè Rẹ̀

Lítà epo bẹntiróòlù kan kò wúwo tó kílò kan. Síbẹ̀, tó bá jó tán nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń tú jáde tó kílò 2.3, nítorí pé kábọ́ọ̀nù inú epo ti gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èéfín yìí wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná sí i, tó sì ń da ìgbà òjò rú mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti owó, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, kò sẹ́ni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé epo wọ́n. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má rìn. Bí ẹrù àti ènìyàn yóò ṣe dé ibi tí wọ́n ń lọ láìjó epo púpọ̀ ni ìwé yìí dá lé.

Ẹrù oko

Láti oko apá Ìlóbùú, Ìkìrun tàbí Ẹdẹ, ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé ẹrù wọ Òṣogbo, àpò kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní oko jìnnà sí ọjà ní kìlómítà 10, tí àgbẹ̀ 5 sì ní àpò àgbàdo méjì-méjì. Ọ̀kadà yóò lọ yóò bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìyẹn kìlómítà 200. Bó bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 40, lítà 5 ló jó. Píkọ́ọ̀pù tó ń fi lítà kan rin kìlómítà 10 á kó àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lítà 2 péré.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbẹ̀ 2 ló háyà píkọ́ọ̀pù yẹn fún àpò 4, lítà 2 náà ni yóò jó, lítà 2 náà sì ni ọ̀kadà ìbá fi kó o. Kò sí èrè níbẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á háyà ọkọ̀ ńlá, ìdajì rẹ̀ á ṣófo. Bí àpò kò bá tó 6, ẹ má háyà.

Kí ẹnì kan máa di ìwé mú, kí ìforúkọsílẹ̀ sì parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà. Iye àpò ni kí ẹ fi pín owó ọkọ̀, ẹ má fi iye orí pín in. Ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Kí olúkúlùkù so àkísà aláwọ̀ tirẹ̀ mọ́ ẹnu àpò. Ẹni tó bá pẹ́, kí ọkọ̀ fi í sílẹ̀, nítorí bí ẹ bá dúró de ẹnì kan lónìí, gbogbo yín ni yóò pẹ́ ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àpò àgbàdo ni kó wà nísàlẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí wọn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata lókè. Ẹ̀fọ́ àti ewédú ló ń kẹ́yìn. Ẹ má fi tapólì bò wọ́n pinpin. Ooru á ti sè wọ́n kí wọ́n tó dé ọjà. Tòmátì tó bá fọ́ lójú ọ̀nà, epo tí a fi gbé e ti ṣòfò nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá sì ń padà, kó má ṣófo: ẹ fi gbé ajílẹ̀ tàbí oúnjẹ adìyẹ tí ẹ ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀kadà tí kò jẹ epo jù

Táyà tó rọ̀ ń wọ́ ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ọ̀kadà tó rìn, torí táyà tó ti gbóná máa ń purọ́ fún géèjì. Ìwọ̀n tó yẹ wà nínú ìwé tó bá ọ̀kadà wá. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń ju ti iwájú lọ. Fokanáísà tó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kò wọn nǹkan kan.

Ẹ fi ìka ti ṣéènì sókè láàárín: kó mì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Tó bá le jù, béárìn á bàjẹ́. Tó bá rọ̀ jù, á já kúrò lójú eyín. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe bẹntiróòlù, nítorí iná. Ẹ kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò kí eruku má bàa lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ṣí asẹ́ afẹ́fẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí ibòji, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ fún un. Èyí tó jẹ́ pépà kì í fẹ́ omi. Ẹ gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Asẹ́ tó dí ló sábà ń mú kí ẹnu pílọ́ọ̀gì dúdú bí èédú, kí èéfín dúdú sì máa jáde. Bí pílọ́ọ̀gì bá funfun, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù: ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ní oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, tí gosiló bá ti lé ní ìṣẹ́jú kan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Ìrìn inú ìlú

Ibi tí kò ju kìlómítà 1.5 lọ, ìrìn ẹsẹ̀ ogún ìṣẹ́jú ni. Ọmọ ilé ìwé ni kí àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀: àgbàlagbà kan fún ọmọ 6 sí 8, ibi tí wọn yóò ti pàdé kan, aago kan. Ọwọ́ òsì ni kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé wọn. Oṣù Kìíní ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Kí òjò tó dé, ó ti mọ́ àwọn ọmọ lára. Àdúgbò tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, òjò ọ̀sẹ̀ kejì ló ń tú u ká.

Ní oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, ẹ gba àlejò yín níyànjú kí wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹsẹ̀ ni Arugbá fi ń ru igbá láti ààfin dé ojúbọ. Kí ni ti ọ̀dọ́ tí kò ru nǹkan kan?

Bí ẹ ṣe máa polongo rẹ̀

Ẹ má fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀. Kí ilé mẹ́wàá kọ owó ọkọ̀ wọn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ibi tí wọ́n lọ, ohun tí wọ́n wọ̀, iye tí wọ́n san. Ẹ ka àpapọ̀ rẹ̀ ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, láìdárúkọ ilé kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìrìn kan ṣoṣo, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé, kí ẹ ṣètò rẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí iye ènìyàn bá ń dín kù, aago tí ẹ fi ń pàdé fún ìrìn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ó yá jù fún àwọn tó ń ta oúnjẹ òwúrọ̀, ẹ sì lè fi ìṣẹ́jú 15 sún un síwájú.