Bí A Ṣe Ń Wá Alátìlẹ́yìn fún Àwọn Tamil Inú Àgọ́

Nígbà tí ogun Sri Lanka parí ní 2009, ìjọba há àwọn ará ìlú tó jẹ́ ẹ̀yà Tamil, tí wọ́n lé ní 250,000, mọ́ àgọ́. Àgọ́ Menik Farm ló tóbi jù; 2012 ni wọ́n tó tì í. Kí ẹ̀yà mìíràn tó báni dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ni ká bèèrè: kí ẹni tó bá fẹ́ jáde máa jáde. Ojú ìwé kan ti tó.

Àsíá Tiger, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Tamil tó bá ìjọba jà, ńkọ́? Fi í sílé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ẹgbẹ́ náà láti 2001; tí kámẹ́rà bá ti rí i, ọ̀rọ̀ àgọ́ dìgbàgbé.

Nínú ibi tí a ti ń wá alátìlẹ́yìn, mọ́sálásí ló gba sùúrù jù. Tiger lé àwọn Mùsùlùmí kúrò ní Àríwá Sri Lanka ní 1990. Fẹnu ara rẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi ọ́. Bí ọmọ Sinhala, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Sri Lanka, bá gbà láti sọ̀rọ̀, má ya fọ́tò rẹ̀ láìgbàṣẹ. Ará ilé rẹ̀ lè wà ní Colombo, ìlú ńlá Sri Lanka.