Àwọn àṣìṣe tí akọ̀ròyìn àti olùkọ́ wọn ń ṣe nídìí AI

ChatGPT, ẹ̀rọ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tó ń kọ èsì sí ohun tí èèyàn bá bi í, jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, kò sì pẹ́ tó fi wọ kíláàsì àti yàrá ìròyìn ní Nàìjíríà. Kò sí aburú níbẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu èèyàn jáde lédè Yorùbá, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń ṣìnà jù, làwọn èèyàn ti fẹ́ kó gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣe.

Ẹ má da ohùn sínú ẹ̀rọ kí ẹ wá ṣe àdàkọ ohun tó bá kọ. Whisper, tí OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ni ChatGPT, gbé jáde ní 2022 láti máa sọ ohùn di àkọsílẹ̀, gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ohùn Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn, tàbí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá, ìméfò ló kù. Ibi tó léwu jù ni ibi tí ẹnu ti dákẹ́: ó lè hun odindi gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò sọ, á sì dán mọ́rán débi pé olóòtú ò ní fura. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá máa fi sínú àmì àyọlò, ẹ tún un gbọ́ fúnra yín, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tó ti wáyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìtúmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tún le ju ìyẹn lọ. Ká ní ìyá kan ń sọ̀rọ̀ nípa Ìyálọ́jà wọn, tó ní: “Wọ́n gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lọ́wọ́ mi.” Ọ̀wọ̀ ló fi sọ “wọ́n”, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá wí. Ẹ̀rọ tó rí gbólóhùn yìí nìkan á sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ̀sùn á sì kan gbogbo ìgbìmọ̀ ọjà. Bó bá jẹ́ “ó” ni, ó lè sọ obìnrin di ọkùnrin. Ẹ wá wo owó náà: 700 ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, nítorí pé a ti yọ 100 kúrò nínú ẹgbẹ̀rin, àmọ́ ó rọrùn kí ẹ̀rọ rọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rin kó kọ 800. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti kóòtù, ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Fúnra yín ni kí ẹ túmọ̀ àyọlò. Bí ẹ bá kàn fẹ́ kó ràn yín lọ́wọ́ láti yẹ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gígùn wò, ẹ fi orúkọ oyè rọ́pò “wọ́n”, kí ẹ fi nọ́ńbà kọ owó, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ láìfọwọ́ kàn án.

Orúkọ onímọ̀, ìwé ìwádìí tàbí ẹjọ́ tí ChatGPT bá kà sílẹ̀ fún yín, ẹ ṣí i kà kí ẹ tó lò ó. Ó máa ń hùmọ̀ wọn, tọdún tojú ìwé.

Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí ìdìbò ààrẹ kù sí dẹ̀dẹ̀, ohùn kan gba ìgboro tí wọ́n ní Atiku Abubakar, Ifeanyi Okowa àti Aminu Tambuwal ló ń gbìmọ̀ láti yí ìbò. Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò sọ pé ayédèrú ni. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn kan á ju ohùn tí wọ́n gbà lórí WhatsApp sínú ẹ̀rọ tó ń dá ayédèrú mọ̀, wọ́n á sì gbé èsì rẹ̀ jáde bí ìdájọ́. WhatsApp máa ń fún ohùn pọ̀ kí fáìlì rẹ̀ lè kéré. Bí wọ́n bá tún fi fóònù míì gbà á sílẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń wá ti pa rẹ́. Ẹ wá ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síta, kí ẹ béèrè ojúlówó fáìlì, kí ẹ sì pe àwọn tí wọ́n dárúkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ náà, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń sọ pé “AI ló kọ ọ́” fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òdo. OpenAI fúnra wọn kó tiwọn nílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2023 torí pé kò péye. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi 91 àròkọ TOEFL, ìyẹn ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, dán irú ẹ̀rọ méje wò. Èèyàn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ló kọ àwọn àròkọ náà, síbẹ̀, tá a bá pín in dọ́gba, ó lé ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ wa gan-an nìyẹn. Ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ nǹkan sílẹ̀ lójú iṣẹ́, ohùn tó gbà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́: ìwọ̀nyí ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè díẹ̀ wá a lẹ́nu wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ sí ChatGPT ọ̀fẹ́, wọ́n lè fi kọ́ ẹ̀rọ àyàfi tí ẹ bá pa á ní Data Controls nínú Settings rẹ̀. Kódà bí ẹ bá pa á, orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ló ṣì wà. Ẹni tó bá ní kí ẹ má dárúkọ òun, ẹ má gbé ohùn rẹ̀ lọ síbẹ̀ rárá. Whisper ṣeé gbà sórí kọ̀ǹpútà tiyín, kó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Á lọ́ra gan-an bí kọ̀ǹpútà ò bá lágbára, torí náà ẹ lo èyí tó kéré nínú oríṣi rẹ̀, kí ẹ sì múra láti ṣàtúnṣe púpọ̀ sí i.