Ẹ̀wù Kan, Kọ́là Méjì: Bí Mo Ṣe Gbé Iwin Sínú Gíláàsì

Nígbà tí wọ́n pè mí sí ìpàtẹ iṣẹ́-ọnà àjùmọ̀ṣe kan tó dá lórí àwòjìji, ìtànjẹ ojú àti iwin, owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún gíláàsì kò tó ìdajì ohun tí mo san níkẹyìn. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé òfin kan tí ilé ìpàtẹ náà kò mẹ́nu bà títí iṣẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ló fà á.

Ọgbọ́n tí mo lò ti pẹ́. Henry Dircks, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní England, ló kọ́kọ́ gbé irú èrò náà kalẹ̀, John Henry Pepper, onímọ̀ sáyẹ́nsì, sì sọ ọ́ di ìran àpéwò ní London ní ọdún 1862. A ó gbé gíláàsì ńlá dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n 45 sí ojú òǹwòran, a ó fi ohun tí yóò di iwin pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́, a ó sì tan iná sí i. Àwòjìji rẹ̀ yóò wá hàn bí ẹni pé ẹ̀yìn gíláàsì gan-an ló wà. Àga òfìfo ni mo gbé sẹ́yìn gíláàsì tèmi, ẹ̀wù funfun tí mo fi pamọ́ ni yóò sì dà bí ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Mo kan àpótí rẹ̀, mo kùn ún ní dúdú, mo fa wáyà iná. Ìyẹn kò ṣòro.

Gíláàsì fẹ́lẹ́ ni mo fi dán an wò, ó sì dára débi pé inú mi ń dùn sí ara mi. Ìgbà náà ni wọ́n ní gíláàsì tó bá dúró níbi tí èrò ń gbà kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwọ̀n mìlímítà 10, irú èyí tí wọ́n fi ike lẹ̀ pọ̀ láàárín kí ó má baà fọ́n ká bí ó bá fọ́. N kò bá ààbò jà. Ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé e dúró tán, ẹ̀wù mi di oníkọ́là méjì.

Ojú gíláàsì méjèèjì ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gíláàsì bá fẹ́lẹ́, àwòrán méjèèjì a fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ara wọn; bí ó bá nípọn tó mìlímítà 10, wọn a fi bíi mìlímítà 7 àti ààbọ̀ jìnnà síra. Olùṣètò ìpàtẹ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣebí iwin ni mò ń wá, kí n dúpẹ́ pé mo rí méjì. N kò rẹ́rìn-ín. Mo na ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí férémù, ṣùgbọ́n bí fáànù bá ti fẹ́ sí i, ẹ̀wù náà a máa gbọ̀n. Òǹtajà ní òun lè bá mi wá gíláàsì tí wọ́n fi oògùn pa ojú ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́, ó sì dá iye kan tí mo fi sọ fóònù sílẹ̀.

Ohun tó gbà mí ni ike aláwọ̀ dígí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tó kọjú sí ẹ̀wù, ìmọ́lẹ̀ tí ojú yẹn ń dá padà pọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, àwòrán kejì sì rẹ̀wẹ̀sì débi tí ojú kò fi kà á sí mọ́. Àga wá ṣókùnkùn, ó di dandan kí n tún ra iná mìíràn fún un. Owó lórí owó! Iṣẹ́ aládùúgbò mi, dígí méjì tó kọjú síra, tún ń da ìmọ́lẹ̀ sínú àpótí mi; aṣọ dúdú ló parí ìyẹn. Síbẹ̀, lọ́jọ́ ìṣíde, àwọn àgbàlagbà ń yọjú wo ẹ̀yìn gíláàsì láti mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń gbádùn rẹ̀.

Ẹ béèrè òfin gíláàsì lọ́wọ́ ilé ìpàtẹ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó dúnàá-dúrà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ẹ gba ègé kékeré tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti fi dánwò. Bí ẹ bá sì máa lẹ ike, ẹ lẹ̀ ẹ́ nígbà tí gíláàsì ṣì sùn lórí tábìlì, nítorí pé ibikíbi tí afẹ́fẹ́ bá há sí lábẹ́ rẹ̀ ni yóò hàn bí àbàwọ́n lára iwin yín.