Bí mo ṣe fi òfin ilẹ̀ mìíràn wo ọ̀rọ̀ kánsù wa n'Ìkòròdú

Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ l'Ábújà ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò sí ìpàdé CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) tí mo lọ n'Ìkòròdú tí ẹnìkan kò ní bi mí pé, "Lọ́yà wa, owó kánsù ńkọ́?" Mo pinnu pé n kò ní máa fẹnu lásán dáhùn mọ́. Mo fẹ́ ṣe àtẹ kan ní èdè Yorùbá, tí màá fi gbé òfin ìpìlẹ̀ wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ilẹ̀ mìíràn, kí ará àdúgbò lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí tiwa ní àti ohun tí kò ní.

Kí n tó ṣí ìwé òfin kankan, mo kọ ìbéèrè sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá gbé òfin ilẹ̀ méjì síwájú láìní ìbéèrè lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó dùn létí nìkan ni yóò máa ṣà nínú wọn. Ẹnu àwọn ará àdúgbò ni mo ti gbọ́ ìbéèrè mi. Ta ló lè lé kánsù tí a dìbò yàn kúrò nípò? Ọ̀nà wo ni owó ń gbà dé ọwọ́ rẹ̀? Ta ló lè dá kánsù tuntun sílẹ̀?

Ilẹ̀ tí màá mú ló kàn. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ, torí pé ọ̀dọ̀ wọn la ti wo àpẹẹrẹ ìjọba ààrẹ. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ wọn kò mẹ́nu kan ìjọba ìbílẹ̀ rárá. Ìpínlẹ̀ ló ni ín, ó lè dá a sílẹ̀, ó sì lè pa á rẹ́; ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1907 nínú ẹjọ́ Hunter àti ìlú Pittsburgh. Mo yọ wọ́n sílẹ̀. Mo mú Íńdíà, Gúúsù Áfíríkà àti Brazil, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ìjọba ìbílẹ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀ bíi tiwa. Mo fi Kẹ́ńyà kún un, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ náà gbangba pé kaunti 47 tí wọ́n ní sún mọ́ ipò ìpínlẹ̀ ju ipò kánsù lọ. Bí èèyàn kò bá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta, ńṣe ló ń tan àwọn tó ń gbọ́ ọ jẹ.

Rírí àwọn òfin náà kò le. Ìkànnì Constitute, tó ti wà láti ọdún 2013, kó òfin ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn sì lè fi kókó ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wá a nínú gbogbo wọn. Kíka ìdájọ́ tó tẹ̀ lé àwọn òfin náà ló gba àkókò, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Abala 7 òfin tiwa fọwọ́ sọ̀yà pé kánsù tí a dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n kò sọ iye ọdún tí kánsù yóò lò, kò sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tú u ká. Àlàfo yẹn ni àwọn gómìnà kan gbà wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ síbi tó yẹ kí alága wà. Ìdájọ́ ọdún 2024, tí Adájọ́ Emmanuel Agim kà, tún sọ pé ìyẹn tako òfin ìpìlẹ̀.

Íńdíà kò fi tiwọn sílẹ̀ fún adájọ́. Àtúnṣe 73 àti 74 tí wọ́n ṣe lọ́dún 1992, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1993, sọ pé ọdún márùn-ún ni, kò gbọ́dọ̀ lé. Bí wọ́n bá tú kánsù ká, ìbò gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù mẹ́fà tó pé. Lọ́dún 2006, nínú ẹjọ́ tó kan ìlú Ahmedabad, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ tún tẹnu mọ́ ọn pé àjọ elétò ìdìbò kò gbọ́dọ̀ fi ìbò falẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ibẹ̀, ó wá kù díẹ̀ káàtó nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ Mumbai. Àkókò kánsù ìlú ńlá yẹn parí ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn ló sì ń darí rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Mo fi èyí sínú àtẹ láìfi bò. Òfin tó ṣe kedere dára ju èyí tó dákẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa dù ú.

Lórí owó, n kò pẹ́. Abala 162 wa ní kí owó kánsù gba inú àpò àjùmọ̀ní tó wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà nínú owó àpapọ̀ kò sí nínú òfin ìpìlẹ̀, àṣẹ tí ààrẹ fi tún òfin pípín owó ṣe ló mú un wá. Kẹ́ńyà ní tiwọn kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2010 pé ohun tí kaunti yóò gbà kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Gúúsù Áfíríkà fún kánsù ní ẹ̀tọ́ sí ìpín tó tọ́ nínú owó ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fún un lágbára láti gba owó orí lórí ilé àti ilẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ló kàn wá jù n'Ìkòròdú, òun ni mo sì fi àkókò sí jù. Abala 3 òfin wa ka ìjọba ìbílẹ̀ 768, ó fi ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́fà ti Abújà kún un, ó di 774, orúkọ wọn sì wà lẹ́yìn ìwé òfin náà. Ìkòròdú jẹ́ ọ̀kan nínú 20 tó jẹ́ ti Èkó. Lọ́dún 2003, Èkó dá 37 mìíràn sílẹ̀, tí à ń pè ní LCDA (agbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀) báyìí, Ìkòròdú sì wá di mẹ́fà: òun fúnra rẹ̀, Ìkòròdú Àríwá, Ìkòròdú Ìwọ̀ Oòrùn, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ́tà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2004, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ààrẹ kò láṣẹ láti dá owó kánsù Èkó dúró nítorí kánsù tuntun náà. Ó ní Èkó ṣe ipa tirẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ l'Ábújà yóò fi ṣe tiwọn lábẹ́ abala 8. Bó ṣe wà nìyẹn di òní.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ sókè nípàdé, màmá kan tó ń ta ìrẹsì ní Ìmọ́tà dìde. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025 la tò sórí ìlà, a dìbò yan alága bí àwọn ará Ìkòròdú ṣe dìbò. Ṣé ìwé Abújà kò mọ̀ wá ni?" Mo ní, "Màmá, kò tíì mọ̀ yín." Alága 57 ni wọ́n dìbò yàn l'Èkó lọ́jọ́ náà, 20 péré nínú kánsù wọn ni òfin ìpìlẹ̀ dárúkọ. Owó tí ilé ẹjọ́ ní kó máa lọ tààrà kò lè tààrà dé Ìmọ́tà, bí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ti ìjọba Èkó tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Bàbá onílé kan dábàá pé ká ṣe bíi Brazil, kí ìpínlẹ̀ máa dá tirẹ̀ sílẹ̀ kí òfin sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mo fi ìtàn Brazil hàn wọ́n. Lẹ́yìn òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1988, àwọn ìpínlẹ̀ wọn dá kánsù tuntun tó lé ní 1,000 sílẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń gbéra. Lọ́dún 1996 ni wọ́n ṣe àtúnṣe 15 láti fi ìjánu sí i: ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kánsù náà lè dá dúró, gbogbo ará àwọn kánsù tí ọ̀rọ̀ náà kàn yóò sì dìbò lórí rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni ọ̀nà wọn tẹ́ mi lọ́rùn jù, àjọ olómìnira ni òfin ní kó máa pa ààlà kánsù. Kẹ́ńyà nìkan, nínú àwọn tí mo kà, ló to orúkọ sínú òfin ìpìlẹ̀ bíi tiwa.

A jókòó ti ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí ni kí a kọ lẹ́tà sí aṣòfin tó ń ṣojú wa l'Ábújà: kí wọ́n fi iye ọdún kánsù àti gbèdéke ìbò sínú abala 7, kí wọ́n sì yọ iye náà kúrò nínú abala 3, kí àjọ olómìnira máa dá kánsù sílẹ̀ lórí ìlànà tí gbogbo èèyàn mọ̀. Mo sọ fún wọn pé àtúnṣe abala 7 àti 3 ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì, ti dídá kánsù sílẹ̀, tó kan abala 8, ń fẹ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ sì tún ń fẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, nítorí náà lẹ́tà Ìkòròdú nìkan kò lè tó. Akọ̀wé ti ń ṣe ẹ̀dà àtẹ náà fún àwọn CDA Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, tí LCDA wà lọ́dọ̀ àwọn náà.