Kí Ẹ Tó Pe Àlè Ọkọ Yín Lẹ́jọ́

Ìyàwó kan láti Mọ́níyà gbé fóònù ọkọ rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lọ́yà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Ó ní, "Ẹ bá mi gba owó lọ́wọ́ àlè yìí, àmọ́ ẹ má tú wa ká o."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti 1970 gba ìyàwó láyè, bó ṣe gba ọkọ, láti béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ẹni tó bá ọkọ rẹ̀ ṣe panṣágà. Ṣùgbọ́n inú ìwé tó fi ń béèrè ìkọ̀sílẹ̀ ló ti máa béèrè rẹ̀. Bí adájọ́ ò bá tìtorí panṣágà náà tú yín ká, kò sówó.

Ẹ má kàn sáré lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ Mápó, n'Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ rẹ́jísìrì lẹ ti fọwọ́ síwèé, Kóòtù Gíga ni, ní Ríìn Róòdù. Bó bá sì jẹ́ ìdána tàbí yìgì nìkan lẹ ṣe, òfin yìí ò kàn yín. Ẹ yọ ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín wò kẹ́ ẹ tó san owó mọ́tò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìdáríjì. Àṣírí tú lóṣù Kẹta, wọ́n pe mọ̀lẹ́bí jọ, ọkọ dọ̀bálẹ̀, ìyàwó gbà, wọ́n tún jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n jà lórí owó ilé ìwé ọmọ, ló bá rántí àlè. Ó ti pẹ́ jù. Panṣágà tẹ́ ẹ ti forí jì, kóòtù ò ní tìtorí ẹ̀ bu owó lé àlè. (Mi ò ní kẹ́ ẹ má dárí jì o, ẹ ṣáà mọ ohun tẹ́ ẹ ń fi sílẹ̀.) Èyí tó sì ti lé lọ́dún mẹ́ta kẹ́ ẹ tó pẹjọ́, owó ò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Panṣágà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí. Ẹni tó lọ gbá àlè létí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gbági ni wọ́n máa mú.

Àwòrán WhatsApp tẹ́ ẹ tẹ̀ jáde nìkan náà ò tó. Abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé tó máa jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tó ti wá.

Ìyàwó Mọ́níyà yẹn gbé fóònù sápò, ó ní òun ń lọ ronú. Kò tíì padà wá.