Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe ike àfibòyín

Ẹni tí ń payín keke lójú oorun ń fi eyín lọ eyín ni, bí ó bá sì pẹ́, orí eyín á jẹ, òmíràn á sì sán. Nítorí èyí ni oníṣègùn eyín fi ń ṣe ike líle tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa fi bo eyín sùn. Ilé ìtọ́jú tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D lè ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀yìn ìtẹ̀wé ni ó gba sùúrù jù.

Ẹ nu itọ́ kúrò lára eyín, kí ẹ fi ẹ̀rọ ya àwòrán eyín tòkè àti tìsàlẹ̀, kí ẹ sì tún yà wọ́n nígbà tí aláìsàn bá pa eyín dé, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Bí ẹ bá ń ya ike náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí ó nípọn tó mìlímítà 2 níbi tí eyín yóò ti máa tẹ̀ ẹ́. Resin, ìyẹn èròjà olómi tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ di ike líle, tí a ṣe fún irú ike yìí nìkan ni kí ẹ lò. Èyí tí a fi ń ṣe àwòṣe eyín fún orí tábìlì kò yẹ fún ẹnu. Kí àwọn òpó kéékèèké tí ó gbé e ró wà ní ìhà òde, torí pé bí àpá wọn bá wà nínú, ike náà kò ní jókòó dáadáa.

Bí ike náà bá jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí resin tútù ṣì wà lára rẹ̀, ó sì lè mú kí awọ ara máa yún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi isopropyl alcohol fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí alcohol ẹlẹ́ẹ̀kejì jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rẹ ẹ́ kọjá ìṣẹ́jú tí ilé-iṣẹ́ resin kọ sílẹ̀, torí pé alcohol lè wọ inú rẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Jẹ́ kí ó gbẹ tán kí ẹ tó gbé e sínú àpótí ìmọ́lẹ̀ tí yóò mú un le. Oxygen inú afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ojú resin le tán, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ri ike náà sínú glycerin lásìkò yìí. Ike tí ó bá ṣì ń rùn tàbí tí ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ má ṣe fi sí ẹnu ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé àwọn òpó náà tí ẹ sì ti dán ike náà, kí aláìsàn wọ̀ ọ́, kí ó gé ìwé aláwọ̀ jẹ lórí rẹ̀. Ẹ máa ha ibi tí àwọ̀ bá ti dúdú jù, títí tí gbogbo eyín ẹ̀yìn yóò fi máa kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Omi tútù ni kí aláìsàn máa fi fọ ike náà, nítorí omi gbígbóná lè lọ́ ọ.